Ṣẹ́ẹ̀fù 180cm x 45cm: ṣé afárá Ribblehead lè wọ̀ ọ́ ní N gauge?

Àkànní_Leeds kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, mi ò kàn dá sí i ni. Flat oníyàrá kan lèmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú ọmọ wa ń gbé ní Leeds, lánlọ́ọ̀dù ò sì fẹ́ ká máa lu ìṣó mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀fù ńlá kan wà ní pálọ̀ tí a bá níbẹ̀, 180cm ni gígùn ẹ̀, 45cm ni ìbú ẹ̀. Ìyàwó mi ní tí mo bá lè ríbi kó àwọn ìwé orí ẹ̀ sí kí n máa lò ó, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò gbọdọ̀ yọ kọjá etí ẹ̀ o, torí ibẹ̀ la máa ń gbà lọ sí kíṣìn.

Reluwe kékeré àfọwọ́ṣe (model) ni mo fẹ́ ṣe sórí ẹ̀, ohun tó sì wà lọ́kàn mi ni ọ̀nà reluwe Settle sí Carlisle ní àríwá England. Tí mo bá wọ ọkọ̀ yẹn láti Leeds, tó bá ti ku díẹ̀ ká dé afárá Ribblehead, mo máa ń fi fóònù sápò ni kí n lè wòran dáadáa. Mo fẹ́ ṣe afárá yẹn, kí reluwe máa yí po lórí ẹ̀, kí HST gígùn náà, ọkọ̀ asáré tó ní orí níwájú àti lẹ́yìn, máa gba ibẹ̀ kọjá, torí HST lọ́kọ̀ mi.

Ìbéèrè: nínú àwọn ìwọ̀n reluwe kékeré, ṣé N ni kí n lò, àbí OO, àbí TT:120 tí Hornby gbé jáde ní 2022? Ọ̀rẹ́ mi kan ní OO làgbàlagbà ń ṣe, pé N á kàn máa dun èèyàn lójú. Ẹ gbà mí o.

Pákó_àti_Wáyà kọ:

Káàbọ̀ àbúrò. Ó jọ pé pálọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ yẹn fẹ̀.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. Afárá Ribblehead gùn tó mítà 402, ó ga tó mítà 32. OO jẹ́ 1:76, ìyẹn ni pé ohun gidi tóbi jù ú ní ìlọ́po 76, tó o bá pín in, afárá nìkan á gba mítà 5 ó lé, gíga ẹ̀ á kọjá 40cm. TT:120 á mú un wá sí mítà 3 ó lé díẹ̀. N tó jẹ́ 1:148 á mú un wá sí nǹkan bíi mítà 2.7, á sì ga tó 21 tàbí 22cm. Kò séyìí tó wọ ṣẹ́ẹ̀fù ẹ lódindi nínú wọn, N ló kàn sún mọ́ ọn jù.

Ti yíyípo, yọ ọkàn kúrò níbẹ̀. Kọ́nà tó há jù nínú irin Setrack tí Peco ń ṣe fún N, 228mm ni láti àárín òbìrípo dé irin, tó o bá wá yí i tán, láti irin apá ọ̀tún dé irin apá òsì á jẹ́ 456mm, a ò tíì ka ìbú irin fúnra ẹ̀ o, a ò sì tíì ka ara kóòṣì tó máa ń yọ síta tó bá ń ya kọ́nà. Kọ́nà tó tẹ̀ lé e jẹ́ 263.5mm, òun gan-an lọ̀pọ̀ orí ọkọ̀ tuntun fẹ́, ìyẹn á sì gba pákó tó fẹ̀ tó 60cm. Ìyàwó ẹ sì ti sọ tiẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

HST ńkọ́? Orí ẹ̀ kan tó 12cm ní N, kóòṣì Mark 3 kan tó 15.5cm. Orí méjì pẹ̀lú kóòṣì mẹ́jọ láàárín, ìyẹn tó nǹkan bíi mítà 1.5. Lórí ṣẹ́ẹ̀fù mítà 1.8! Ńṣe lá kàn dúró síbẹ̀, kò ríbi lọ, kò ríbi bọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Crewe kọ:

Ẹ̀gbọ́n Pákó, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ti TT:120 ná kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Irin TT jẹ́ 12mm láti irin kan dé èkejì. Ẹ sọ 12mm di ìlọ́po 120, 1440mm lẹ máa rí, irin gidi ní Britain sì jẹ́ 1435mm. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ wá ṣe tiyín, 9mm lọ́nà 148, 1332mm ni, ó fi 10cm dín. Tẹ́ ẹ bá wo ọkọ̀ N ti Britain láti iwájú, ẹ máa rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀ há mọ́ra lábẹ́ ara ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ojú mi kì í ṣe ti ọmọ ogún ọdún mọ́, tó bá di ká so kóòṣì mọ́ra, TT rọ̀ mí lọ́rùn ju N lọ. Ibi tí mo ti máa gbà fún yín ni ti ọjà: ohun tẹ́ ẹ lè rí rà ní N fún ìhà àríwá England pọ̀ ju ti TT lọ fíìfíì, nítorí ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí Graham Farish ti ń ṣe N, TT:120 ṣì ń dàgbà.

Adùkẹ́_2mm kọ:

Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ nípa ẹsẹ̀ tó há, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún Àkànní kó má rò pé àwọn èèyàn kàn ṣì í wọ̀n ni.

Arnold ní Nuremberg ló gbé N jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, irin 9mm, ara ọkọ̀ 1:160. Ó bá ọkọ̀ Jámánì mu wẹ́kú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ reluwe Britain kéré ju ti Jámánì lọ, ní ìbú, ní gíga, torí afárá àti ihò inú òkè tí wọ́n kọ́ láyé Victoria ti há, kò sẹ́ni tó lè máa wó gbogbo ẹ̀ kọ́. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà nígbà yẹn ò wá wọ inú ọkọ̀ Britain ní 1:160. Wọ́n bá fẹ ara ọkọ̀ sí 1:148, wọ́n fi irin sílẹ̀ ní 9mm bó ṣe wà. Ohun kan náà ni wọ́n ti ṣe fún OO tẹ́lẹ̀, irin HO, ìwọ̀n mìíràn táwọn ará Yúróòpù ń lò, ni OO ń lò, 16.5mm, ara ọkọ̀ ló fi tóbi ju ti HO lọ.

Ẹni tí ìyẹn bá ń dùn lè wá sọ́dọ̀ àwa 2mm Scale Association, láti 1960 lẹgbẹ́ wa ti wà, kí N tó gbalẹ̀ ní Britain rárá. 1:152 la ń lò, irin 9.42mm. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ó bọ́ sí 1432.

Pákó_àti_Wáyà kọ:

Mo mọ̀ pé 9.42 ò ní pẹ́ dé, mo kàn ń retí ẹ ni 😂

Adùkẹ́, sọ tó kù fún un jàre. Sọ fún un pé fúnra ẹ ló ń fọwọ́ ṣe irin tìẹ, igi ìdábùú kan lẹ́yìn òmíràn, pé ọkọ̀ tó o bá rà ní ṣọ́ọ̀bù, o máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ kó tó lè gun irin ẹ. Ọmọ yìí lọ́mọ nílé o.

Adùkẹ́_2mm kọ:

Mi ò ní kó wá lónìí. Mo ní kó mọ̀ pé a wà ni.

Blea_Moor kọ:

Gbogbo yín ń wọn afárá láti òpin dé òpin, kò sẹ́ni tó wo òpó ẹ̀.

Àkànní, tó o bá tún gba Ribblehead kọjá, sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ibẹ̀ kó o fẹsẹ̀ rìn lọ sábẹ́ afárá, kò jìnnà. Àárín òpó sí òpó níbẹ̀, tí a ń pè ní ojú afárá, mẹ́rìnlélógún ni. Tó o bá wá ń ka àwọn òpó náà lọ, wàá rí i pé ọ̀kan nínú mẹ́fà-mẹ́fà sanra ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tó kọ́ ọ láàárín 1870 sí 1874 mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, pé tí òpó kan bá lọ yẹ̀, kí ìwólulẹ̀ náà dúró síbi òpó tó sanra, kó má baà kó gbogbo afárá lọ.

Ó túmọ̀ sí pé ojú mẹ́fà, láti òpó sísanra kan dé òpó sísanra kejì, nǹkan odindi ni láyè ara ẹ̀. Kì í ṣe pé o gé afárá níbi tó wù ẹ́. Wá ṣírò: mítà 402, pín in sí 24, ojú kan pẹ̀lú òpó ẹ̀ jẹ́ mítà 16.75. Ní N, ìyẹn jẹ́ 11.3cm. Mẹ́fà ẹ̀ jẹ́ 68cm.

68cm lórí ṣẹ́ẹ̀fù 180cm. Ó ṣẹ́ kù 112cm, 56 lọ́tùn-ún, 56 lósì. O ò dín ohunkóhun kù, gígùn ojú kan jẹ́ ti gidi, gíga jẹ́ ti gidi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe Ribblehead tí wọ́n á dín gíga ẹ̀ kù sí ìdajì kó lè wọ pákó wọn, gíga yẹn gan-an sì lọ̀rọ̀ afárá náà, tó o bá ti dín in kù ó ti di afárá ibòmíràn.

Ohun mìíràn: irin méjì ló wà lórí afárá náà látijọ́, ṣùgbọ́n ní 1985 British Rail, ilé iṣẹ́ reluwe ìjọba nígbà yẹn, sọ ọ́ di ẹyọ kan kí ẹrù má baà pọ̀ jù lórí ẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni wọ́n fẹ́ ti gbogbo ọ̀nà náà pa, wọ́n ní owó àtúnṣe afárá ti pọ̀ jù, àwọn aráàlú jà fún un, ìjọba sì gbà ní 1989 pé kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Fún ìwọ, ẹyọ irin kan ṣoṣo tó nà tààrà láti ọ̀tún dé òsì. Kò sí ibi tí irin ti pín sí méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ á ti há.

Àkànní_Leeds kọ:

Haaa! Ẹ̀gbọ́n Blea Moor, Ọlọ́run á ṣe é fún yín. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò mọ̀ pé òpó kan sanra ju òmíràn lọ.

Ṣùgbọ́n ó rú mi lójú díẹ̀. Tí reluwe bá ti gba orí ojú mẹ́fà yẹn kọjá tán, níbo ló ń lọ? 56cm ló kù. Ṣé kó kàn máa lọ máa bọ̀ bẹ́ẹ̀?

Pákó_àti_Wáyà kọ:

Iṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì nìyẹn, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣeé gbé kúrò tòun tọkọ̀ orí ẹ̀. Gbọ́ bó ṣe ń lọ.

Gé plywood tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó 55cm, kó fẹ̀ tó 5cm. Ra irin aluminium tó ṣẹ́ kọ́nà bíi lẹ́tà L, wọ́n ń tà á níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé kíkọ́, gé méjì, lẹ̀ wọ́n mọ́ orí plywood náà kí wọ́n dojú kọ ara wọn, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè bọ́ sáàárín wọn gẹ́lẹ́. Lo ọkọ̀ gan-an láti fi wọ̀n ọ́n, má gbẹ́kẹ̀ lé rúlà. Aluminium yẹn ló di irin, òun náà ló ń gbé iná. Ògiri ẹ̀ tó dúró lókè á sì mú kóòṣì dání kó má ṣubú tó o bá gbé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbé kásẹ́ẹ̀tì kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, kí ẹnu wọn kan irin orí afárá. Lo clip onírin tí wọ́n fi ń di ìwé pọ̀ ní ọ́fíìsì, méjì ní ẹnu kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mú aluminium àti irin afárá papọ̀, iná ti kọjá nìyẹn, kò sí wáyà kankan láti jó. Ọkọ̀ á jáde láti ọ̀tún, á gba orí afárá, á wọ inú kásẹ́ẹ̀tì òsì. Tú clip, gbé kásẹ́ẹ̀tì kúrò tòun tọkọ̀, gbé òmíràn tí ọkọ̀ mìíràn wà nínú ẹ̀ síbẹ̀. O lè ní mẹ́wàá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá_Ìbejì_Crewe kọ:

Kí wọ́n má gbàgbé o, orí afárá fi 21cm ga ju ilẹ̀ àfonífojì lọ. Kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì náà gbọ́dọ̀ wà lókè yẹn. Tó túmọ̀ sí àpótí pákó kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, 56cm gígùn, 45cm ìbú, 20cm gíga, òfìfo.

Àkànní, ibi táwọn ìwé máa wà nìyẹn. Ṣe ilẹ̀kùn kékeré sí iwájú ẹ̀. Ìyàwó ẹ ò ní lè wí nǹkan kan.

Àkànní_Leeds kọ:

Mo ti ka èyí sí i létí báyìí. Ó ní kí n kí yín 😂 Ó ní ta ni Ìyá Ìbejì yìí, pé òun nìkan ló gbọ́n nínú yín.

Ó dáa, HST mi ti kú nìyẹn. Kí ló wá lè wọ 55cm tí kì í ṣe irọ́?

Blea_Moor kọ:

Ó pọ̀. Èyí tó o ń wọ̀ fúnra ẹ láti Leeds ni kó o kọ́kọ́ rà, Class 158 ti ilé iṣẹ́ reluwe Northern, kóòṣì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mítà 23, méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ 31cm ní N. Farish ń ṣe é. Ìyẹn á wọ kásẹ́ẹ̀tì, ààyè á tún ṣẹ́ kù. Kò sì sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé kí ló dé tó kúrú, torí bẹ́ẹ̀ náà ló kúrú lójú irin gidi.

Èkejì, ọkọ̀ onígi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Colas, ilé iṣẹ́ reluwe akẹ́rù, fi kó ìtí igi láti Carlisle lọ sí Chirk ní ẹnubodè Wales gba orí afárá yìí, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń fi igi ṣe pákó wà níbẹ̀. (Chirk kan náà ni Dapol tó ń ṣe ọkọ̀ N wà o, ẹ ò rí nǹkan.) Orí ọkọ̀ Class 66 jẹ́ 14.5cm, fi wágọ̀nù díẹ̀ tẹ̀ lé e títí tó fi kún 54. Ẹ̀ka igi gidi ni kó o gé sórí wágọ̀nù, wá èyí tó tín-ín-rín tí èèpo ẹ̀ ò hun jù.

Ẹ̀kẹta, tó o bá fẹ́ èéfín: orí ọkọ̀ Black Five ti LMS, ilé iṣẹ́ reluwe àtijọ́ kan, òun pẹ̀lú tender ẹ̀ tó ń gbé èédú àti omi jẹ́ 13cm, kóòṣì Mark 1 kan jẹ́ 13.3cm. Fi kóòṣì mẹ́ta tẹ̀ lé e, bíi 54cm nìyẹn tó o bá ka àlàfo àárín wọn. Ó há, ṣùgbọ́n ó wọ̀. Àwọn ọkọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ elééfín ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòṣì tiwọn máa ń ju mẹ́ta lọ dáadáa. Ìyẹn ni irọ́ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, kò burú.

Ọmọ_Ìdó kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èkó ni mo wà, mo ń fi ojú jẹun lọ́dọ̀ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo yà kúrò lórí ọ̀rọ̀. Irin N yìí, 9mm, ṣé kò sí bí mo ṣe lè lò ó fún reluwe tiwa àtijọ́? Èkó sí Ìbàdàn, èyí táwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ní 1896 tó dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, kì í ṣe ti àwọn ará Ṣáínà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021. Wọ́n ní irin tiwa kéré ju ti Britain lọ.

Adùkẹ́_2mm kọ:

Ìbéèrè tó dáa jù láti àárọ̀ nìyí. Irin àtijọ́ tiyín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀, ìyẹn 1067mm, ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Ghana, ti South Africa, ti Japan, ti New Zealand. Tẹ́ ẹ bá fi irin 9mm yẹn sábẹ́ ara ọkọ̀ 1:120, 9 lọ́nà 120 jẹ́ 1080. 13mm péré ló fi yàtọ̀ sí òótọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ padà, ojú ò lè rí i. Àwọn ará New Zealand ń ṣe é bẹ́ẹ̀, NZ120 ni wọ́n ń pè é.

Nítorí náà ẹ lè ra abẹ́ ọkọ̀ N pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, kẹ́ ẹ fi plastic pẹlẹbẹ ṣe ara sí i lókè ní 1:120. Èèyàn inú TT:120 àti ilé inú TT:120 náà á bá a mu. Iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀ o, torí kò sẹ́ni tó ń ta ọkọ̀ Nàìjíríà.

Ọmọ_Ìdó kọ:

Ẹ ṣé gan-an àǹtí. Fọ́tò ọkọ̀ àtijọ́ wà ní Jaekel House ní Èbúté Mẹ́ta, ilé àwọn ọ̀gá reluwe ayé ọjọ́un tí wọ́n tún ṣe, mo máa lọ wọn nǹkan níbẹ̀. Màá ṣí ọ̀rọ̀ tèmi lọ́tọ̀ kí n má baà gba tAkànní mọ́ ọn lọ́wọ́. Eruku ọyẹ́ lórí irin ni mo kàn ń rò.

Pákó_àti_Wáyà kọ:

Eruku kì í ṣe ti ọyẹ́ nìkan, Leeds náà ní eruku. Ó kan Àkànní náà, torí ọkọ̀ N ò wúwo, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tẹ irin dáadáa tó láti gba iná kọjá ìdọ̀tí, tí irin bá dọ̀tí díẹ̀ báyìí ọkọ̀ á máa ta gìrì bí ẹni tí òsúkè bá ń mú. Ẹ ra isopropyl, IPA ni wọ́n ń kọ sára ìgò ẹ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ tí kì í ya òwú nù irin kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré. Nu ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ má fi sandpaper kan irin láéláé, á ha á, inú ibi tó ha yẹn ni ìdọ̀tí tuntun máa ń fara pamọ́ sí.

Fún ẹyọ irin kan àti ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, Àkànní, o ò nílò DCC, ìyẹn ìlànà onídíjítà tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ púpọ̀ lórí irin kan náà. Controller 12V DC tó dáa tó, èyí tó lè mú ọkọ̀ rọra gbéra. Owó tó o máa kó sí DCC, fi ra Black Five. Orí ọkọ̀ tuntun kan báyìí ń kọjá ọgọ́rùn-ún pọ́ùn, ẹ má tan ọmọ náà.

Ìyá_Ìbejì_Crewe kọ:

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ afárá fúnra ẹ̀ báyìí torí ibẹ̀ ni gbogbo ojú máa wà. Metcalfe lẹ́bàá Skipton, ìtòsí ibẹ̀ gan-an, ń ta afárá olókùúta onípáálí fún N, ó sì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ribblehead, ọwọ́ ara ẹ lo máa fi ṣe èyí.

Plywood 3mm méjì, fún ojú iwájú àti ojú ẹ̀yìn. Ẹnu ojú afárá kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 13.7, ìyẹn 9.3cm fún ẹ. Òpó ń tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ sókè, má ṣe gé e gbọọrọ. Fi plastic tí wọ́n tẹ àwòrán òkúta sí lára bo gbogbo ẹ̀. Abẹ́ ojú afárá kì í ṣe òkúta o, bíríkì ni, wò ó dáadáa tó o bá débẹ̀, nítorí náà páálí alábíríkì ni kó o tẹ̀ wọ ibẹ̀. Tó o bá fi òkúta sí i, ẹni tó mọ ibẹ̀ á rí i kíá.

Àwọ̀: òkúta ibẹ̀ ń dúdú bọ́ sí eérú, omi òjò sì ti fa ilà funfun sílẹ̀ lára òpó. Má kun ún ní àwọ̀ kan. Kun gbogbo ẹ̀ ní eérú, wá mú òkúta kọ̀ọ̀kan káàkiri, kí èyí ṣókùnkùn díẹ̀, kí tọ̀hún pọ́n díẹ̀, lẹ́yìn náà da àwọ̀ dúdú tó ṣàn bí omi lé gbogbo ẹ̀ lórí kó wọ inú àlàfo òkúta, nù ún kúrò lójú kó tó gbẹ.

Blea_Moor kọ:

Mo tún fi ti koríko kún un. Gbogbo èèyàn ló ń ra koríko tútù yọ̀yọ̀ bíi ti pápá bọ́ọ̀lù. Ribblehead ò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ omi ni, afẹ́fẹ́ ń lù ú lọ́dọọdún, koríko ẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bọ́ sí òféèfèé, igi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Lẹ́yìn afárá, òkè Whernside ló dúró síbẹ̀, mítà 736. Ya á sórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wàá fi ti ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀fù, kó o má kàn án mọ́ ògiri lánlọ́ọ̀dù. Jẹ́ kí òkè náà ṣá díẹ̀, kí àwọ̀ ẹ̀ má lágbára ju ti afárá lọ, kó lè dà bíi pé ó jìnnà.

Tó o bá fẹ́ fi nǹkan kan sábẹ́ afárá, àgùntàn. Má fi ilé síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, àgọ́ òṣìṣẹ́ kún ibẹ̀ bámú, Batty Green lorúkọ àgọ́ tó gbajúmọ̀ jù, wọ́n kú lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú jàǹbá àti ìgbóná, itẹ́ òkú Chapel-le-Dale níbẹ̀ ni wọ́n sin wọ́n sí. Kò sí ilé wọn kan tó ṣì dúró níbẹ̀ lónìí, pápá gbalasa ni.

Àkànní_Leeds kọ:

Ẹ ṣé ẹ ṣé ẹ ṣé. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ojú mẹ́fà, irin kan, 158 ni màá kọ́kọ́ rà, controller DC, kásẹ́ẹ̀tì méjì ná. Ọjọ́ Sátidé a máa lọ sábẹ́ afárá, èmi àti ọmọ, màá mú tépù ìwọ̀n dání.

Méjì ló kù. Irin wo ni kí n tẹ́ sórí afárá, mo rí code 80 mo rí code 55. Ìkejì, ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́rin, ọwọ́ ẹ̀ ò sinmi, 158 tó bá já bọ́ láti 21cm lórí ṣẹ́ẹ̀fù á tún já dé ilẹ̀. Kí lẹ ń ṣe sí i?

Pákó_àti_Wáyà kọ:

Code 55. Nọ́ńbà yẹn ni gíga irin, 80 ga tó 2mm, lórí afárá tó jẹ́ pé láti ẹ̀gbẹ́ lo ti máa ń wò ó, 2mm yẹn á hàn bíi pé wọ́n fi irin ńlá tẹ́ afárá. Ti 55 tí Peco ń ṣe ní ọgbọ́n kan nínú, irin ẹ̀ fúnra ẹ̀ ga ju bó ṣe hàn lọ, apá kan ẹ̀ wọ inú igi ìdábùú, nítorí náà ó lágbára, kì í yára já. Ọkọ̀ tuntun ò ní wàhálà lórí ẹ̀, ọkọ̀ àtijọ́ tí etí ẹsẹ̀ wọn jìn lè máa fọwọ́ kan igi. Ra gígùn kan, 91cm ni wọ́n ń gé e, 68 lo máa lò, kò ní oríkèé kankan lórí afárá. Má lẹ̀ ẹ́ o, jẹ́ kí 158 kọ́kọ́ lọ bọ̀ lórí ẹ̀ dáadáa. Tó o bá wá da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, gọ́ọ̀mù funfun ni kó o fi omi là, kán ọṣẹ ìfọbọ́ ẹyọ kan sí i kó lè ràn.

Ìyá_Ìbejì_Crewe kọ:

Ti ọmọ: perspex 3mm, oníke tó mọ́ bíi gíláàsì, láti òpin dé òpin, kó dúró níwájú ṣẹ́ẹ̀fù, kó fi bíi 10cm ga ju orí irin lọ. Ṣe ihò ọ̀nà méjì sí pákó ìsàlẹ̀ kó lè máa yọ wọlé-yọ jáde láti òkè tó o bá fẹ́ nu irin. Ìyàwó ẹ ní nǹkan kan ò gbọdọ̀ yọ kọjá etí, nítorí náà inú etí ni kó o gbẹ́ ọ̀nà náà sí, ìyẹn túmọ̀ sí pé ìbú tó kù fún ẹ jẹ́ bíi 44cm, wọ̀n ọ́n kó o tó gé àpótí.

Blea_Moor kọ:

Sátidé tẹ́ ẹ ń lọ yẹn, ẹ wọ bàtà tó ga, ẹrẹ̀ wà lábẹ́ ibẹ̀. Ya fọ́tò òpó sísanra kan àti òpó lásán kan láti ibì kan náà, kí ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ọmọ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.